ORÍ KEJE: ÀWỌN ẸLẸ́RÌÍ MÉJÌ INÚ MÍTÀ ỌKỌ̀

Láti Òṣogbo Òròkí, ìlú aró, dé Iléṣà, ìlú Ọwá Obòkun, ìrìn nǹkan bí 30 kìlómítà ni, bí ènìyàn bá sì jókòó pẹ́ díẹ̀ ní etí ọ̀nà náà, kò ní ṣàì rí ọkọ̀ tí ó ti dàgbà ju ẹni tí ń wà á lọ: Ìjàpá, a-gbẹ́rù-síwájú-gbé-ẹ́ńjìnnì-sẹ́yìn, tí ilé-iṣẹ́ Volkswagen bẹ̀rẹ̀ sí tò pọ̀ ní Èkó ní ọdún 1975, Peugeot 504, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí tò pọ̀ ní Kàdúná ní ọdún kan náà, tí ó sin olówó, tí ó sin tálákà, tí kò sì ṣe ojúsàájú, àti Morris Minor, tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ti pa iṣẹ́ rẹ̀ tì láti nǹkan bí ọdún 1971, ṣùgbọ́n tí àwọn àgbàlagbà kan ṣì ń nu eruku ojú rẹ̀ láràárọ̀.

Nínú àwọn ọkọ̀ wọ̀nyí kò sí kọ̀ǹpútà tí yóò sọ fún awakọ̀ pé nǹkan ti bàjẹ́. Irin ni ó ń bá irin sọ̀rọ̀, bí irin bá sì yadi, ẹnu irin náà ni a ó ti wádìí ohun tí ó ṣe é. Nínú gbogbo ohun tí ń yadi lára wọn, mítà tí ń sọ bí eré ọkọ̀ ti tó ni ó sábà máa ń ṣáájú, òun náà sì ni olówó ọkọ̀ máa ń fojú tín-ín-rín jù, nítorí pé ọkọ̀ tí mítà rẹ̀ kú kò kúkú kọ̀ láti rìn, kò sì ní já olówó rẹ̀ sílẹ̀ ní ẹ̀bá ọ̀nà lóru. Nígbà tí ó bá wá di ọjọ́ tí ó fẹ́ tún un ṣe, ohun tí ojú rẹ̀ rí ni yóò kọ́kọ́ nawọ́ sí: yóò ní kí wọ́n tú dáṣíbọ́ọ̀dù, kí wọ́n yọ mítà, kí wọ́n ṣí dígí rẹ̀, kí wọ́n fọwọ́ kan ohun tí ọwọ́ kò gbọdọ̀ kàn, nígbà tí ó jẹ́ pé, lọ́pọ̀ ìgbà, mítà kò ṣe ohun kan, ẹni tí ń jíṣẹ́ fún un ni ó ti ṣubú sọ́nà. Ohun tí mo fẹ́ fi hàn ní orí yìí ni pé a lè mọ ibi tí àrùn mítà fi ṣe ilé kí a tó tú bóòtì kan ṣoṣo, bí a bá lè ní sùúrù láti wo ojú rẹ̀ dáadáa nígbà tí ọkọ̀ ń rìn.

Ọ̀rọ̀ náà kì í sì í ṣe ọ̀rọ̀ oge. Ní ọdún 1977, nígbà tí Òṣogbo àti Iléṣà ṣì wà lábẹ́ Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, tí ó ku ọdún mẹ́rìnlá kí a tó dá Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun sílẹ̀, ni ìjọba Ọ̀yọ́ ti kó àwọn ẹ̀ṣọ́ ojú pópó jọ, tí Wọlé Ṣóyínká sì ṣe aṣíwájú wọn, nítorí ẹ̀jẹ̀ tí eré àsápajúdé ń ta sí ojú ọ̀nà. Ní ọdún 1988 ìjọba àpapọ̀ gbé irú rẹ̀ kalẹ̀ fún gbogbo Nàìjíríà. Òfin wọn lónìí ni pé kí ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ má sá ju 50 kìlómítà ní wákàtí kan lọ láàárín ìlú, kí ó má ju 80 lọ ní ojú ọ̀nà tí ó lọ láti ìlú dé ìlú, kí ó má sì ju 100 lọ ní títì márosẹ̀. Ẹni tí mítà rẹ̀ ti kú, kí ni yóò fi pa òfin náà mọ́? Awakọ̀ tí ó ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ a máa sọ pé ariwo ẹ́ńjìnnì tó òun láti mọ eré tí òun ń sá, ó sì lè jẹ́ bẹ́ẹ̀ níbi tí ilẹ̀ bá tẹ́jú. Ṣùgbọ́n kí ó máa sọ̀ kalẹ̀ láti orí òkè ní apá Ẹ̀rìn-Ìjẹ̀ṣà, níbi tí ẹ́ńjìnnì kì í pariwo nítorí pé ìwúwo ọkọ̀ fúnra rẹ̀ ni ó ń tì í lọ, nígbà náà ni yóò mọ̀ pé etí nìkan kò tó.

Ẹ jẹ́ kí á kọ́kọ́ wo bí mítà ti ń ṣiṣẹ́ nígbà tí ara rẹ̀ dá. Mítà kò mọ eré fúnra rẹ̀. Iṣẹ́ ni a ń rán sí i. Nínú gíábọ́ọ̀sì 504 tàbí ti Morris, jíà kékeré kan wà tí ó fi eyín rẹ̀ mú irin tí ń yí ẹsẹ̀ ọkọ̀, ara jíà kékeré yìí ni a sì so okùn irin gígùn kan mọ́, èyí tí àwọn mẹkáníìkì ń pè ní kébù. Èpo dúdú ni ó wà lóde rẹ̀. Inú èpo yìí ni wáyà gan-an wà, àwọn fọ́nrán irin tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́ tí a lọ́ mọ́ ara wọn títí wọ́n fi di ọ̀kan tí ó lè tẹ̀ tí kò sì ní ṣẹ́, tí a wá tẹ orí rẹ̀ méjèèjì ní igun mẹ́rin kí ó lè wọ ihò onígun mẹ́rin ní ìsàlẹ̀ àti ní òkè. Ìjàpá ní tirẹ̀ kò bá wọn lọ sí ìdí gíábọ́ọ̀sì, nítorí pé ẹ̀yìn ni ẹ́ńjìnnì rẹ̀ wà, ọ̀nà sì jìn. Ẹsẹ̀ iwájú ní apá òsì ni kébù rẹ̀ ti ń gbọ́rọ̀, bí ẹsẹ̀ náà bá ti yí lẹ́ẹ̀kan ni wáyà náà yóò yí lẹ́ẹ̀kan. Nígbà tí ó sì jẹ́ pé táyà Ìjàpá ń jẹ ilẹ̀ tó mítà méjì bí ó bá yí lẹ́ẹ̀kan, wáyà yìí ní láti pòyì ní nǹkan bí ìgbà 500 kí ọkọ̀ tó rin kìlómítà kan, bí a bá sì fi máa gúnlẹ̀ sí Iléṣà láti Òṣogbo, yóò ti pòyì tó ìgbà 15,000. Ohun tí ń ṣe irú wàhálà báyìí nínú eruku àti ẹrẹ̀, ẹ má jẹ́ kí ó yà wá lẹ́nu bí ó bá rẹ̀ ẹ́.

Ní òkè, nínú mítà, òòfà kékeré kan ni wáyà yìí ń yí, ibẹ̀ gan-an sì ni ọgbọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí jinlẹ̀. Ife kékeré kan tí a fi álúmì ṣe dé òòfà náà lórí láìfara kàn án, ìdí ife yìí ni ọ̀pá tí ó gbé ọwọ́ mítà dúró wà. Gbogbo wa ni a mọ̀ pé òòfà kì í mú álúmì: gbé e lé ìkòkò ọbẹ̀, yóò yọ̀ bọ́. Báwo ni òòfà yóò ṣe wá fa ife álúmì tí kò fọwọ́ kàn? Ní ọdún 1824 ni ọmọ Faransé kan, François Arago, ti rí ohun ìyanu yìí, nígbà tí ó ṣàkíyèsí pé bí òun bá ń yí àwo bàbà ní abẹ́ abẹ́rẹ́ olóòfà, abẹ́rẹ́ náà ń tẹ̀lé àwo, bẹ́ẹ̀ ni bàbà pẹ̀lú kò sí lára irin tí òòfà ń mú. Ọ̀rọ̀ náà ta kókó fún àwọn ọ̀mọ̀wé títí di ọdún 1831, nígbà tí Michael Faraday, ọmọ alágbẹ̀dẹ tí ó di àgbà onímọ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù, fi yé wọn pé bí òòfà bá ń rìn nítòsí irin, tàbí bí irin bá ń rìn nítòsí òòfà, iná mànàmáná a sọ nínú irin náà, a sì máa pòyì níbẹ̀. Iná yìí a wá sọ irin náà di olóòfà fún ìgbà díẹ̀, a sì máa ta ko ìrìn tí ó bí i. Ó tó àádọ́rin ọdún lẹ́yìn èyí kí ọkùnrin kan tí ń jẹ́ Otto Schulze, ará Strasbourg, ìlú tí ó wà lọ́wọ́ àwọn Jámánì nígbà náà, tó fi ọgbọ́n yìí ṣe mítà ọkọ̀, tí ó sì gba ìwé àṣẹ lé e lórí ní ọdún 1902.

Bí òòfà bá ń yí, ife fẹ́ bá a lọ. Ṣùgbọ́n sípíríǹgì tẹ́ẹ́rẹ́ kan, irú ti inú aago ọwọ́, ń fà á sẹ́yìn. Bí eré bá ṣe ń pọ̀ sí i ni òòfà ń le sí i lórí ife, níbi tí agbára òòfà bá sì ti bá agbára sípíríǹgì dọ́gba ni ọwọ́ mítà yóò dúró sí, tí awakọ̀ yóò sì kà á pé 40 ni, tàbí 60, tàbí 80. Kò sí epo níbẹ̀, kò sí bátìrì. Bí wọ́n tilẹ̀ jí bátìrì ọkọ̀ kó, tí a ń ti ọkọ̀ náà bọ̀ láti orí òkè, mítà yóò máa ka eré tí a fi ń tì í.

Wáyà kan náà yìí, kí ó tó dé ìdí òòfà, ti yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan láti yí àwọn jíà wíńníwíńní tí ń ti nọ́ńbà máìlì tàbí kìlómítà síwájú, èyí tí ń sọ iye ìrìn tí ọkọ̀ ti rìn láti ìgbà tí a ti ṣe é. Ibí yìí ni mo fẹ́ kí òǹkàwé fi ọkàn sí jù. Ẹlẹ́rìí méjì ni ó wà nínú mítà, ọwọ́ tí ń fò àti nọ́ńbà tí ń yí. Ọ̀kan ń sọ bí eré ti tó, èkejì ń sọ bí ọ̀nà ti jìn tó. Wọn kò fi ara kan ara wọn, ṣùgbọ́n ẹnu ẹnì kan ṣoṣo ni àwọn méjèèjì ti ń gbọ́rọ̀. Àwọn àgbà ní agbẹ́jọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà. Mẹkáníìkì tí ó wo ọwọ́ mítà nìkan, tí ó sì gbé sípánà, òṣìkà ni sí ọkọ̀ ọlọ́kọ̀.

Bí ọwọ́ kò bá fò tí nọ́ńbà pẹ̀lú kò sì yí, kí á fi mítà sílẹ̀ ní àlàáfíà: iṣẹ́ tí a rán kò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni. Wáyà ti já, tàbí orí rẹ̀ ti yọ kúrò nínú ihò, tàbí jíà tí ó ń yí i ní ìsàlẹ̀ ti jẹ eyín rẹ̀ tán. Bí nọ́ńbà bá ń yí tí ọwọ́ sì kú, wáyà ti jíṣẹ́ délé, inú mítà ni àrùn wà, ní ìdí òòfà, tàbí ife, tàbí sípíríǹgì. Bí ọwọ́ bá ń sọ òótọ́ tí nọ́ńbà sì dúró sójú kan, àwọn jíà wíńníwíńní ni ó ti kán, lọ́pọ̀ ìgbà sì ni ó jẹ́ pé awakọ̀ fúnra rẹ̀ ni ó kán an, nípa títẹ bọ́tìnì tí ń dá nọ́ńbà ìrìnàjò padà sí òdo nígbà tí ọkọ̀ ṣì ń sáré. Bí ọwọ́ bá ń gbọ̀n, tí ó ń ti 40 fò sí 70 tí ó sì tún ń padà, nígbà tí nọ́ńbà ń lọ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ ní tirẹ̀, wáyà ni ó gbẹ tàbí tí ó ti wọ́ níbì kan: nínú èpo rẹ̀, ó ń há, ó ń já gbà, ó tún ń há, ọwọ́ sì ń tẹ̀lé gbogbo ìhá àti ìjágbà yìí, ṣùgbọ́n nọ́ńbà tí ń fi ọgọ́rọ̀ọ̀rún ìpòyì ka ẹyọ kan kò lè mọ̀ ọ́n. Bí ọwọ́ bá sì fò lọ sí òpin ojú mítà ní àárọ̀ ọyẹ́, tí kò fẹ́ padà, gírísì ti gòkè dé ibi tí kò yẹ kí ó dé, ó ti dì, ó sì ti lẹ ife mọ́ ohun tí ó yẹ kí ó máa yàgò fún.

Ọ̀gá mẹkáníìkì kan wà ní Òṣogbo, ní apá Alékúwodò, tí mo fẹ́ràn láti máa wo ọwọ́ rẹ̀. Àgbàlagbà kan, olùkọ́ tí ó ti fẹ̀yìn tì, gbé Ìjàpá rẹ̀ wá láti Iléṣà. Ọwọ́ mítà kò fò, nọ́ńbà kò yí, ẹnì kan sì ti tú mítà náà nílé, ó ti já dígí rẹ̀, kò rí nǹkan kan, ó tún un dé. Ọ̀gá náà kí baba, ó dọ̀bálẹ̀ díẹ̀ bí ó ti yẹ, kò tilẹ̀ yọjú wo inú ọkọ̀. Ó ní, “Bàbá, ẹ dákun, ìgbà wo lẹ ṣe béárìn ẹsẹ̀ iwájú gbẹ̀yìn?” Baba ní, “Kò tíì pé oṣù kan, ọmọ mi. Béárìn ṣe wá kan mítà?” Ọ̀gá rẹ́rìn-ín, ó lóṣòó sí ẹ̀gbẹ́ ẹsẹ̀ iwájú ní apá òsì, ó sì fi sukurudáfà ṣí wíìlì kọ́fà. Ìdérí kékeré kan wà níbẹ̀ tí ó bo gírísì béárìn mọ́lẹ̀, ó rí roboto; ní àárín rẹ̀ gan-an ni ihò onígun mẹ́rin kan wà, ṣùgbọ́n orí wáyà tí ó yẹ kí ó yọ díẹ̀ láti inú ihò náà ti wọ inú lọ. Ihò tín-ín-rín kan wà lára orí wáyà yìí, níbi tí ó yẹ kí pínnì wà, ṣùgbọ́n pínnì kò sí níbẹ̀. Ẹni tí ó ṣe béárìn ti yọ ọ́, ó sì ti gbàgbé láti dá a padà. Nítorí náà wáyà ti fà sẹ́yìn díẹ̀díẹ̀, ẹsẹ̀ ọkọ̀ sì ń yí lórí òfo. “Ẹ wò ó, bàbá,” ni ọ̀gá wí, “ibí ni mítà yín wà.” Ó fi ìka ti wáyà síta, ó fi pínnì tuntun kọ́ ọ, ó ní kí ọmọ iṣẹ́ fi jáàkì gbé ẹsẹ̀ náà kí ó sì máa yí i, òun tìkára rẹ̀ sì lọ ṣí iwájú ọkọ̀, ó yọ páálí tí ó bo ẹ̀yìn mítà, ó tú orí kébù, ó sì pe baba kí ó wá wo bí orí wáyà náà ti ń pòyì.

Kò sí Ìjàpá kan tí mítà rẹ̀ kú tí a kò gbọdọ̀ kọ́kọ́ wo ojú ibẹ̀ yẹn, nítorí pé bí pínnì tilẹ̀ wà, ihò onígun mẹ́rin náà lè ti jẹ títí ó fi di roboto, tí yóò sì máa yí láìmú wáyà dání. Ní ti 504 àti Morris, kí á tú orí kébù lẹ́yìn mítà, kí á gbé ẹsẹ̀ ẹ̀yìn méjèèjì kúrò nílẹ̀, kí á gbé òkúta sí ìdí àwọn ti iwájú, kí á sì ní kí ẹnì kan máa yí wọn. Bí orí wáyà kò bá yí, kí á fà á yọ láti òkè. Bí ó bá jáde ní apá kan tí ìyókù sì wà nísàlẹ̀, ẹjọ́ ti tán, ó ti já. Bí ó bá jáde lódidi, tí kò sì yí nígbà tí ó wà níbẹ̀, jíà inú gíábọ́ọ̀sì ni kí á lọ yẹ̀ wò, nítorí pé ike ni wọ́n fi ṣe é nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀, kí ó má baà ba irin tí ó ń bá ṣiṣẹ́ jẹ́. Ike ni yóò jẹ, irin yóò sì yè.

Wáyà tí kò já náà lè ní àbùkù. Kí á nù ún mọ́ pẹ̀lú epo òyìnbó, kí á mú orí kan ní ọwọ́ ọ̀tún àti èkejì ní ọwọ́ òsì, kí á jẹ́ kí àárín rẹ̀ ṣe kọrọdọ sílẹ̀, kí á sì rọra máa fi ìka yí orí kan. Bí orí kejì bá ń yí ní ìwọ̀n kan náà, ó dára. Bí ó bá dúró díẹ̀ tí ó sì fò lójijì, ó ti wọ́, kò sì sí ọ̀nà tí a fi lè tọ́ ọ tí yóò dà bí ó ti wà. Kí á ra òmíràn. Ohun tí ń wọ́ ọ ni kí á gba kébù ní ìkọ́lọkọ̀lọ níbi tí ó yẹ kí ó tẹ̀ fẹ̀ẹ̀, pàápàá lẹ́yìn dáṣíbọ́ọ̀dù, níbi tí àwọn oníréwáyà máa ń tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́ kí wọ́n lè ráyè so wáyà rédíò.

Gírísì ni oúnjẹ rẹ̀, ṣùgbọ́n oúnjẹ náà ní ìwọ̀n. Kí á fi gírísì fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ pa wáyà láti ìsàlẹ̀ dé nǹkan bí ìdá méjì nínú mẹ́ta rẹ̀, kí á sì fi apá òkè sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Àwọn kan a máa da ọ́ọ̀lì ẹ́ńjìnnì sínú èpo kébù títí yóò fi kún. Wọn kò rántí pé fọ́nrán tí a lọ́ lára wáyà yẹn, bí ó bá ti ń pòyì, lè máa fa ọ́ọ̀lì gòkè, kò sì ní dúró títí yóò fi bá a dé inú mítà, tí yóò kun ojú nọ́ńbà, tí yóò lẹ ife pa, tí ọwọ́ yóò sì máa ka 120 fún ọkọ̀ tí ń wọ́ lọ ní ìta Ọjà Atákúnmọ́sà. Eruku pupa ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà pẹ̀lú ń ṣe tirẹ̀, nítorí pé bí ó bá bá gírísì pàdé, ẹrẹ̀ tí ń họ irin ni wọ́n ń dì. Ní àkókò òjò ẹ̀wẹ̀, omi a gba ìsàlẹ̀ èpo tí ó ti lanu wọlé, wáyà a sì dípẹtà.

Ohun kan wà tí ó máa ń dá ìjà sílẹ̀ láàárín olówó ọkọ̀ àti oníspéàpáàtì, ìyẹn ni kébù tuntun tí ó já kí oṣù tó yí. Olówó ọkọ̀ a ní ayédèrú ni wọ́n tà fún òun, ó sì lè rí bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀yìnkùlé lọ̀tá wà, inú ilé ni aṣeni ń gbé. Bí ọ̀pá òòfà inú mítà bá ti gbẹ tí ó ń há, wáyà ni yóò máa jìyà rẹ̀, èyí tí a bá sì fi rọ́pò rẹ̀ yóò kú ikú tí ti àkọ́kọ́ kú. Kí á tó so kébù tuntun mọ́ mítà, kí á gé orí kébù àtijọ́ ní ìwọ̀n ìka ọwọ́, kí á fi bọ ihò ẹ̀yìn mítà, kí á sì fi ọwọ́ yí i. Ó yẹ kí ó yí wọ́ọ́rọ́wọ́. Bí ó bá ń dún bí ó ti ń yí, tàbí bí mítà ti máa ń ké ṣíoṣío nígbà tí ọkọ̀ ń sáré kí kébù tó já, ẹ̀rí nìyẹn. Ẹ̀kán ọ́ọ̀lì ẹ̀rọ ìránṣọ kan ṣoṣo ní ìdí ọ̀pá náà lè mú un lára dá, ẹ̀kán méjì sì ti pọ̀ jù.

Bí ẹ̀rí àwọn ẹlẹ́rìí méjèèjì bá ti fi hàn pé inú mítà ni àrùn wà, ìmọ̀ràn mi ni pé kí á gbé e kúrò lọ́wọ́ mẹkáníìkì, kí á gbé e lọ fún ẹni tí ń tún aago ṣe. N kò fi èyí tàbùkù ẹnikẹ́ni. Ọwọ́ tí ó mọ bí a ti ń tú gíábọ́ọ̀sì jẹ́ ọwọ́ agbára, sípíríǹgì inú mítà kò sì mọ agbára. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Bí a bá yọ ọwọ́ mítà láìkọ́kọ́ sàmì sí ibi tí ó dúró sí, bí a bá fi ipá yí i kọjá irin tí ó dá a dúró ní òdo, sípíríǹgì yóò nà, mítà náà kò sì ní sọ òótọ́ mọ́, bí ó tilẹ̀ ń fò. Ó tún ṣeé ṣe kí á rí irin pẹlẹbẹ kékeré kan tí ó lẹ̀ mọ́ ara òòfà, tí ó dà bí ẹni pé kò wúlò. Ẹ má yọ ọ́. Bí oòrùn bá mú ọkọ̀ tí a gbé sí gbangba, álúmì a gbóná, iná mànàmáná kì í sì í lè rìn dáadáa nínú irin tí ó gbóná bí ó ti ń rìn nínú èyí tí ó tutù, nítorí náà òòfà kò ní lè fa ife tó bí ó ti yẹ. Irin pẹlẹbẹ yìí ni àwọn tí ó ṣe mítà fi sí i láti máa san gbèsè ooru náà. Òòfà fúnra rẹ̀ a máa dàgbà, agbára rẹ̀ a sì dín kù, ìgbà náà ni mítà yóò máa ka eré kéré sí bí ó ti rí.

Èyí mú mi dé orí mítà tí kò kú, tí kò gbọ̀n, tí ó kàn ń parọ́. Morris tí ó ti Gẹ̀ẹ́sì wá ń fi máìlì ka eré. Nàìjíríà tí ó yí ọwọ́ ọkọ̀ padà láti òsì sí ọ̀tún ní ọjọ́ kejì oṣù Kẹrin ọdún 1972 yí ìwọ̀n rẹ̀ padà pẹ̀lú ní àkókò náà, láti máìlì sí kìlómítà, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ó yí ojú mítà Morris padà. Awakọ̀ tí ó rí 50 lára pátákó ní àbáwọlé ìlú, tí ó sì fi ọkàn balẹ̀ pé 50 ni ọwọ́ mítà òun wà, ń sá eré 80 kìlómítà láàárín àwọn ọmọ ilé-ìwé, mítà rẹ̀ kò sì ṣẹ̀ ẹ́ rárá.

Táyà náà ń mú un parọ́. Ẹni tí ó fi táyà tí ó tóbi jù sí ẹsẹ̀ ọkọ̀ rẹ̀, nítorí pé òun ni ó rí rà, ń jẹ ilẹ̀ púpọ̀ sí i nínú ìyípo kọ̀ọ̀kan. Wáyà kò mọ̀ ọ́n, ìyípo ni wáyà ń kà. Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹni tí ó yọ mítà láti ara ọkọ̀ mìíràn ní ọgbà àlòkù. Lójú ọ̀pọ̀ mítà tí ilé-iṣẹ́ Smiths ṣe fún àwọn ọkọ̀ Gẹ̀ẹ́sì, nọ́ńbà kékeré kan wà ní ìsàlẹ̀ tí àwọn ènìyàn kì í kà sí, iye ìgbà tí wáyà gbọ́dọ̀ pòyì nínú máìlì kan ni. Láti mọ̀ bóyá ó bá ọkọ̀ náà mu, kí á wọn ẹsẹ̀ bàtà 52 àti ìnṣì 10 sílẹ̀, èyí tí ó jẹ́ ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún máìlì, kí á tú orí kébù lókè, kí á so páálí kékeré mọ́ orí wáyà, kí á ti ọkọ̀ náà gba orí ìwọ̀n yìí, kí á sì máa ka ìpòyì páálí. Bí ó bá pòyì ní ìgbà mẹ́wàá, wáyà náà ń yí ní ìgbà 1,000 fún máìlì; bí ojú mítà bá wá kọ 1,400, mítà ọkọ̀ ọlọ́kọ̀ ni.

Ní ti nọ́ńbà ìrìn, mo ní kí ẹni tí ó fẹ́ ra ọkọ̀ àtijọ́ ṣọ́ra. Nọ́ńbà márùn-ún péré ni ó wà lára ọ̀pọ̀ nínú wọn. Bí ó bá ti ka 99,999, òdo ni yóò padà sí, a sì lè fi ọkọ̀ tí ó ti lọ bọ̀ lẹ́ẹ̀mejì pe ọmọdé. Àwọn baba Ìjẹ̀ṣà tí wọ́n ṣe òṣómàáló, tí wọ́n ń kiri aṣọ àwìn láti ìlú dé ìlú, tí wọ́n sì ń lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà onígbèsè títí owó wọn fi pé, kì í fi ọ̀rọ̀ ẹnu ṣe owó. Ojú tí wọ́n fi ń wo onígbèsè ni kí á fi wo nọ́ńbà yẹn, kí á sì wo bí rọ́bà pẹ́dà ti jẹ tó, nítorí pé rọ́bà kì í padà sí òdo.

Lẹ́yìn gbogbo àtúnṣe, kí á fi ọwọ́ lásán dé nọ́ọ̀tì kébù lẹ́yìn mítà, láìlo pínsá, kí ojú rẹ̀ má baà bó, kí á sì gbé ọkọ̀ náà lọ sí ibi tí ọ̀nà ti tọ́ tí èrò kò sì pọ̀. Kí ẹnì kejì mú aago dání, kí awakọ̀ má baà wo ohun méjì pọ̀. Ẹ̀rọ ìléwọ́ lónìí náà lè ka eré láti ojú sánmà, ó sì dára láti fi wọ́n wéra. Òfin tí àjọ àwọn orílẹ̀-èdè fi lélẹ̀ lórí mítà, èyí tí ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè ń tẹ̀lé, ni pé mítà kò gbọdọ̀ ka eré kéré sí bí ó ti rí láé, ṣùgbọ́n ó lè kà á pọ̀ jù pẹ̀lú ìdá mẹ́wàá eré náà àti kìlómítà mẹ́rin sí i. Nítorí náà, bí awakọ̀ bá mú ọwọ́ mítà dúró sí 80, tí aago sì ka ìṣẹ́jú àáyá 48 fún kìlómítà kan, eré 75 ni ọkọ̀ ń sá, mítà náà sì yege. Ṣùgbọ́n bí aago bá ka 40, eré 90 ni, kí wọ́n yí ọkọ̀ padà, kí wọ́n sì lọ ka nọ́ńbà tí ó wà lára táyà.